Kúforíjì Ni Wọ́n Sọ Ọmọ Mi

Pásítọ̀ tí yóò so ọmọ mi obìnrin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pọ̀ ní òun kò rí àléébù kankan lára ọmọ náà, àfi orúkọ rẹ̀. Kúforíjì. Ó ní òun kò ní pe ikú níwájú pẹpẹ.

"Màmá, orúkọ a máa ro ọmọ o," ni ó wí, ó gbé ẹsẹ̀ léra lórí àga mi. Ó fa bírò yọ, ó sì kọ Olúwaforíjì sínú ìwé ètò ìgbéyàwó náà.

Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ológbò bá sáré kọjá lọ́nà, á ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀, òun ni yóò wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ikú.

Àwọn àna mi kò sàn jù ú lọ. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń ròyìn orúkọ náà bí ẹni ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì: pé ọkọ̀ ọjà forí sọ igi lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, èmi ìyàwó wọn tí oyún mi ti fẹ́ pé oṣù sì jáde láìfarapa, torí pé ikú mọ ará ilé wọn, ó forí jì wọ́n. Ará ilé wọn! Àfi bíi pé ikú ń bá wọn ṣe ìpàdé ẹbí.

Mo dákẹ́ ní tèmi. Ẹni tó bọ́ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í yá ẹnu.

Nígbà tí Pásítọ̀ lọ tán, ọmọ mi gbé ìwé náà síwájú mi. "Màmi, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ yìí kò bá ní ìdí gidi, n ó gba ti Pásítọ̀, kí gbogbo wa sinmi."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Iwájú ọkọ̀ ọjà náà ni mo jókòó sí láti Àyétòrò. Òórùn epo ọkọ̀ ń mú kí èébì gbé mi. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyàwó, dìde, wá síbi tí atẹ́gùn wà! Àbí orí ẹ́ńjìnnì lo fẹ́ bímọ sí?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ sí àyè rẹ̀, ó bọ́ sí tèmi. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi forí sọ igi. Àyè tèmi ni wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ikú kò forí ji ẹnikẹ́ni. Ó gba pààrọ̀ ni. Nígbà tí bàbá ọkọ mi sì ń pe Kúforíjì, tí wọ́n ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ojo bí èmi sorí kọ́, mo ń ṣe àmín.

"Kí ni orúkọ ìyá náà?" ni ọmọ mi wí.

"N kò bi í léèrè."

 Ọmọ mi gba ìwé, ó fa igi lé Olúwaforíjì, ó tún kọ Kúforíjì sókè rẹ̀. "Ẹnu yín ni Pásítọ̀ yóò ti gbọ́ ìdí rẹ̀."

A lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún mi. Mo kọ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí títí a fi dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti sọ fún un pé Kúforíjì ni yóò pè, àti pé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó kú ní ipò mi ni yóò máa pè bí ó bá ń pe orúkọ náà.