Orúkọ tí Siew Ghee Fún Ooru Bátìrì

Lim Siew Ghee kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí àwọn aláhesọ Bayan Lepas, ìlú wa níbí, tí wọn ò lè kọ ìlà ètò kọ̀ǹpútà kan kó ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹnu wọn mú. Ọdún mọ́kànlá la fi jókòó pọ̀ níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fún ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n lórúkọ nínú kánẹ̀lì, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà láti ìsàlẹ̀, kí àwọn ètò yòókù lè rí wọn kà.

Orúkọ ní òfin. Ti agbára iná ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo: in0, in1. Ti ooru ń bẹ̀rẹ̀ láti ení: temp1, temp2. Má bi mí pé kí ló dé. Bá a ṣe bá a nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ ẹ́, Siew Ghee ka ooru bí ẹni ń ka iná, ó pe ooru bátìrì ní temp0. Èmi ni mo yẹ iṣẹ́ náà wò, mo ní ó dáa. A jọ ṣe é ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kok Aun, ń ta ẹja ní Teluk Kumbar. Siew Ghee fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí bátìrì sí yàrá yìnyín rẹ̀, tó sì fi ètò tó ń ṣọ́ ooru sí i.

"Nǹkan yìí ò ní jó mi báyìí?" Kok Aun bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá gbóná, á ké. Ẹ máa ta ẹja yín."

"Ó dáa. Bí mo bá jóná, ìwọ lo máa sọ fún ìyá wa o."

Àwa mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Ètò náà ń kà láti ení bí òfin ṣe wí, kò yẹ òdo wò rárá, bẹ́ẹ̀ òdo ni bátìrì wà. Ní oṣù karùn-ún, lọ́jọ́ burúkú èṣù gbomi mu, bátìrì gbóná, ètò náà kò ké, iná sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Kok Aun lò ní ọsibítù kó tó kú. Siew Ghee ló sọ fún ìyá wọn.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí orúkọ yẹn kúrò kó tó pa ẹlòmíì. Ó kọ̀wé sí Baba Dietmar, ará Jámánì tó ń ṣàbójútó apá tiwa nínú kánẹ̀lì.

"Orúkọ tó ti jáde, a kì í pa á rẹ́," Baba fèsì. "Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ka temp0 lójoojúmọ́. Bí o bá yọ ọ́, ojú tiwọn náà á fọ́. Fi temp4 tì í, kí ooru bátìrì kan náà ní orúkọ méjì."

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Inú bí mi gan-an, nítorí òótọ́ ni Baba sọ.

Siew Ghee fi temp4 sí i. Àṣà wa ni kí orúkọ ẹni tó rí àṣìṣe wà nísàlẹ̀ àtúnṣe. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: Lim Kok Aun.

Lẹ́tà Baba dé nírọ̀lẹ́. "Iṣẹ́ yìí dáa. Àdírẹ́sì ẹni tó rí àṣìṣe náà ló kù. Sọ fún un kó bá wa dán an wò, bóyá ètò náà ti ń ké báyìí."

Siew Ghee kà á tán, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi.

"Murali, ìwọ ni kó o dá wọn lóhùn," ó ní. "Mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.