Òwú Tí Kò Ní Ìwọ̀

Ẹja àkọ́kọ́ tí mo mú ní èbúté Accra tóbi débi pé ó wọ́ èbúté náà wọnú òkun ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Òórùn ẹja yíyan tí mo gbọ́ ní ọjà Makola lánàá ló rán mi létí.

Mo kéré nígbà náà. Mo so ìwọ̀ mọ́ òwú ìránṣọ ìyá mi, mo lọ jókòó sétí èbúté lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ọkọ̀ kan lójú omi. Àwọn apẹja jókòó síbòòji, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n.

Bàbá arúgbó kan lára wọn dìde, ó gé ìwọ̀ mi, ó tì í bọ àpò.

“Alata, òkun kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń sinmi. Lọ bá ìyá ẹ taṣọ!” Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

“Bàbá, tó bá ń sinmi, kí ló ń pariwo tó báyìí?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà kò dá ìwọ̀ mi padà. Èmi náà ò dìde. Mo ju òwú lásán sómi, mo dì í mú títí oòrùn fi rọlẹ̀, tí iyọ̀ òkun ń ta mí létè.

“Alata, ẹja wo lò ń retí?” ni bàbá náà bi mí.

“Tọ̀la ni.”

Ó wò mí títí. “Wá láàárọ̀ ọ̀la, kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀.”

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọmọ rẹ̀ lọ sókun tí kò bọ̀.

Irọ́ ni ti ẹja yẹn o. Mi ò mú nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò dìde.