Ẹni Tí Wọ́n Fi Bírò Pa

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ òtítọ́ sínú fóòmù tó fi ń wá àyè ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọn ò mú un. Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Dókítà kó tó di nǹkan kan, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára. Ó ti kàwé nípa ìtọ́jú àwọn tí ìrònú ń dà láàmú, ohun tó kù ò ju rẹ́sídẹ́ńsì lọ, ìyẹn ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù, kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ.

Ìbéèrè kan ló ń dá a dúró: kí ló mú ọ yan iṣẹ́ yìí? Ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, Tíṣà, tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń sá fún bírò pupa rẹ̀, ṣàdédé dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Láti ọdún mẹ́fà ló ti jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lóòjọ́ ò pé mẹ́wàá. Òótọ́ pọ́nńbélé. Wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, tirẹ̀ ò tiẹ̀ korò tó lójú wọn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun bọ́ sódò, pé òun pẹ́ kí òun tó débẹ̀, pé bàtà rẹ̀ méjèèjì nìkan ni òun bá létí omi. Gbogbo bó ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ń wúkọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Háà! Ṣé wọ́n máa ń fi ikú alààyè ṣeré ni? Ó mọ̀ pé wọn kì í ṣe é. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé bébà lásán ni.

Wọ́n mú un. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, obìnrin kan tó ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, nu omijé nígbà tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Láti ìgbà náà, bó bá ti ṣe ohun kan dáadáa, ọ̀gá á ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń wò ẹ́ níbi tó wà." Òun náà á ní, "Àmín, mà."

Ibi tó wà kẹ̀? Ilé ló wà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá tí Dókítà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà omi nílé ìwẹ̀, méjèèjì á tò dọ́gba. Wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ìyá wọn ń bu oúnjẹ, Tíṣà ní, "Ẹ má bu tèmi, Ìyá. Òkú kì í jẹun."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Òkú wo? Òkú tó ń wúkọ́ bí ẹ̀rọ ọlọ?"

Dókítà fi òkèlè sílẹ̀. Ó sáré lọ wo abẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, níbi tó fi ìwé tó kọ́kọ́ kọ irọ́ náà sí kó tó dà á kọ sínú fóòmù pa mọ́ sí. Kò bá a. Ó ní bóyá òun ti sun ún. Ó mọ̀ dájú pé òun ò sun ún. Àmọ́ oṣù méjì péré ló kù, bó bá la ẹnu, ìwé àṣẹ lọ nìyẹn. Ó panu mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń rù sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó parí ni ọ̀gá pè é wọlé. "Wá jókòó tì mí. Ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá, ìyá náà ti lọ gba káàdì. Ọmọ ọ̀hún ní òun ti kú."

Bàtà ló kọ́kọ́ rí, méjì, wọ́n tò dọ́gba lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó lọ jókòó ti ọ̀gá.

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ ti kú, sà?" ọ̀gá bi Tíṣà.

Tíṣà yọ ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde lápò. Ó ti fi bírò pupa tún gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, ó sì fún un ní máàkì nísàlẹ̀: méje nínú mẹ́wàá. "Àbúrò mi ló kọ ọ́," ó wí. "Kì í parọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ábídí."

Ọ̀gá kà á. Nígbà tó dé ibi bàtà létí omi, ó bọ́ gíláàsì, ó wo Dókítà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́: mi ò mọ̀ ọ́n rí, mà. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti gbẹ bí igi ìdáná, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Irọ́ ni mo pa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò kú."

Tíṣà mi orí jẹ́ẹ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ikú mi wà lákọsílẹ̀."

"Tó o bá kọ ọ́, tó o sì fọwọ́ sí i," ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "mi ò lè ṣe bí ẹni tí ò rí i."

"Mo mọ̀, mà." Ó fa bírò pupa yọ lápò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé irọ́ lòun pa, pé ẹ̀gbọ́n òun wà láàyè, pé kò bọ́ sódò kankan. Ó kọ déètì, ó fọwọ́ sí i.

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún àmì kan ṣe. Ó ká ìwé náà, ó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wọ bàtà rẹ̀.

"Ebi ń pa mí," ó wí.