Ẹni Tó Gbe Orin Awakùsà

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n èmi yìí ti gbe orin fún òyìnbó awakùsà rí.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Irving, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wa èédú lábẹ́ òkè Kẹ̀ńtọ́kì títí eruku fi ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ gba orin kan tó kù sí wọn nínú sórí fóònù kí èémí tó tán, torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í kọjá etí mi, ni mo bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní dùùrù," ni wọ́n wí. "Èmi á pe ìlà kan, ìjọ á fà á tẹ̀lé mi. Ta ni yóò gbè é níbí? Ṣé bẹ́ẹ̀dì yìí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bí bàbá mi ṣe ń pe orin fún àwọn tí kò mọ̀wé ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn! Mo ní kí wọ́n dán mi wò. Wọ́n pe ìlà kìíní, mo gbè é, mo sì ń pàtẹ́wọ́ kíákíá.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló ń lé ọ?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. A fa orin náà díẹ̀díẹ̀, fóònù ọmọ wọn sì ń gbà á sílẹ̀. Bí èémí wọn bá já, mo dúró dè wọ́n, títí a fi parí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ wọn dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn ará ilé wọn ní Kẹ̀ńtọ́kì ti gbọ́ orin náà, wọ́n ń béèrè pé abúlé òkè wo ni ẹni tó ń gbè é ti wá.

Mo ní kó sọ fún wọn pé Ìdànrè ni, àti pé òkè tiwa ga ju tiwọn lọ.