Ọ̀dá Ni Wọ́n Rà, Wọ́n Ní Akọ Ni

Ọ̀dá ni bàbá mi rà, mo sì sọ fún wọn lójú ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò sọ.

Pákó ni bàbá mi ń tà ní Ìwó. Ọdún tí ẹnì kan ládùúgbò wa gba ife níbi ìdíje màlúù àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ màlúù wọ̀ wọ́n lórí. Abo méjì ni wọ́n ní. Ẹ̀kẹta, tèmi ni. Bàbá ìyá mi ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo ka Kùráànì tán nílé kéwú. Bàbá mi wá ní àwọn máa ra akọ ńlá kan tí á máa gùn wọ́n, ká lè bí irú ọmọ tó ń gba ife.

Èmi ò ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, n ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi bá àwọn Fúlàní ọ̀nà Kútà da màlúù. Nílé wa, ta ló tún mọ màlúù bí èmi?

A dé ọjà. Bàbá mi rí funfun kan, ó sanra, ara ẹ̀ ń dán, ìwo ẹ̀ ga fíofío. Ojú wọn ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ohun tó wà nínú kórópọ̀n ẹ̀ ò ju èso ìyeyè lọ.

"Bàbá, wọ́n ti tẹ èyí lọ́dàá. Ìdí tó fi sanra nìyẹn."

Alágbàtà tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ṣé dókítà lẹ mú wá ni?"

Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́. "Yọwọ́ ẹ níbẹ̀! Ọmọ tí ò rí ìwé kà parí, ìdí màlúù ló wá ń kà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi rà á.

Àwọn abo bàbá mi méjèèjì ti lóyún kó tó dé, tèmi nìkan ló ń wá akọ. Ó wá akọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gbẹ́ni funfun á gbóòórùn ẹ̀, á padà sídìí èèpo gbágùúdá tó ń jẹ. Ni bàbá mi bá ní àgàn ni abo mi, àwọn máa tà á fún alápatà.

Ìyá mi ló dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Ọmọ ò sí, obìnrin ni. Títí dórí màlúù!"

"Ìwọ obìnrin yìí, màlúù là ń sọ."

"Màlúù náà ni mo ń sọ."

Nígbà tí abo mi tún ń wá akọ, bàbá mi ti lọ wo pákó ní Ìbàdàn. Mo fa abo mi jáde láàárọ̀, a fẹsẹ̀ rìn dé gáà àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kútà. Akọ pupa kan wà níbẹ̀, ó rù, ìwo ẹ̀ kan wọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa kọjá lára ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ tó ti bí: ẹ̀yìn wọn gbòòrò, ẹsẹ̀ wọn dúró dáadáa, àwọn abo inú wọn sì ní wàrà.

Ọ̀rẹ́ mi Fúlàní ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ìwo lẹ máa ń rà, ẹ kì í ra màlúù."

Kí oòrùn tó ga, iṣẹ́ ti parí.

Bàbá mi rí oyún, wọ́n gbàgbé alápatà. Lóṣù kẹsàn-án, ọmọ dé: akọ, pupa fòò, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ bíi tábìlì. Bàbá mi ò tiẹ̀ bi ara wọn léèrè ibi tí pupa ti wá. Kò sí àlejò tí wọn ò mú lọ wò ó. "Ẹ ò rí iṣẹ́ akọ mi!" N ò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Kútà, torí pé bí inú bá bí wọn, alápatà ni wọ́n á pè wá mú abo mi.

Wọ́n kó akọ àtọmọ lọ síbi ìdíje. Ọkùnrin tó ń yẹ màlúù wò nawọ́ sábẹ́ akọ wa, ó wojú bàbá mi.

"Àlàájì, ọ̀dá lèyí. Kò lè bí nǹkan kan."

"Ta ló wá bí ọmọ yìí?"

N ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Akọ Kútà ni!"

Ẹ gbọ́ nǹkan tí bàbá mi sọ sí mi lójú èrò: "O mọ̀, o wá jẹ́ kí n gbé ìtìjú wá síta?"

Èmi! Èmi tí wọ́n gbá lọ́wọ́!

Lọ́la, wọ́n tún ń lọ ra òmíràn. Wọ́n ní kí n jókòó sílé, pé mo máa ń ṣe bíi pé mo mọ̀ ju àgbà lọ. Lórí màlúù, mo mọ̀ jù wọ́n lọ. N ò ní purọ́. Akọ yòówù kí wọ́n fà wálé, kò ní gun abo tèmi, àfi bí mo bá kọ́kọ́ rí ọmọ tó ti bí.