Fèrèsé Tó Ń Ṣẹ́jú

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù táyà wa ni mo ti lajú, ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo ti gé ahọ́n mi jẹ. Ìyàwó mi di orí mi mú, ó ń sunkún. Àwọn ará ọjà dúró lókèèrè, wọ́n ń fi Jùlá, èdè tí wọ́n ń ná lọ́jà ibẹ̀, kìlọ̀ fún ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí, kí wárápá má baà ràn án. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí gìrì kò gbé mi rí!

Dókítà bi mí pé kí ni mo ń wò kí n tó ṣubú. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Inú ìwé ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo sì kọ ọ̀kan tó ń sọ iye táyà tó kù fún wa. Àwọn àwòrán tó bá a wá kò wù mí, ni mo bá ya tèmi sínú fèrèsé rẹ̀, àpótí tó máa ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà: ojú dúdú roboto bí aago, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń yí.

"Ṣé ó ń ṣẹ́jú?"

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ yẹn ló gbé yín ṣánlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lè fa gìrì."

Mo ti fi ètò yìí ta obìnrin ará wa kan tí òun náà ń ta táyà lọ́rẹ ní ìlú Béoumi, ẹni tí mo mú bí àbúrò. Iwájú rẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Dókítà sì ní n kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò náà ṣe. Bí mo bá fẹ́ dán an wò, màá kọ ẹ̀yìn sí i, ìyàwó mi á fọwọ́ bo ojú kan, á máa wò ó láti òkèèrè, kó má baà gbé òun náà ṣánlẹ̀. Àṣìṣe mi rèé: bí abẹ́rẹ́ bá ti sún díẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fi funfun nu gbogbo ojú fèrèsé, kó tó tún ojú dúdú yà, kó tó fi abẹ́rẹ́ sí i. Funfun, dúdú, funfun, dúdú. Mo ní kó má nu nǹkan kan mọ́. Mo ní kó ya gbogbo rẹ̀ tán níkọ̀kọ̀ nínú ìrántí rẹ̀, kó wá gbé e síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó ti dúró jẹ́ẹ́," ni ìyàwó mi wí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni mo wọ̀ lọ sí Béoumi láàárọ̀. Mo bá obìnrin náà tó ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Ó ti lẹ bébà mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí aago mi wà gẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kọ mànà sí mi lójú."

"O ṣe sọ fún mi pé ó dára?"

"Ọ̀fẹ́ lẹ ṣe é fún mi. Ṣé kí n wá wo ojú àgbà, kí n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dáa ni? Ìyàwó yín gan-an ní kí n má sọ ọ́, pé òun náà ń fara dà á."

Mo gbé ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ṣí bébà náà kúrò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó takété, kó wò ó, kó sì sọ òótọ́ fún mi, ì báà dùn mí.

Ó wò ó pẹ́.

"Kò ṣẹ́jú mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n, Ẹ̀gbọ́n, ó burẹ́wà."