Ọ̀bẹ Méjì Ìyá Àgbà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fọwọ́ kan iṣu náà. Èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀ nínú àwo, òórùn epo pupa gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu àwa ọmọdé. Àmọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọ́dọ̀ jẹ iṣu tuntun kí òun, tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ìyá àgbà, tó jẹ tirẹ̀. Ó kó ọwọ́ sínú ẹ̀wù, ó ń wolẹ̀. Ìyá àgbà mi, tó bí òun àti bàbá mi, jókòó láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀.

Òyìnbó kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ìyá àgbà ti sin ọmọ kí èyí tó máa dúró tó dé. Àlùfáà kan tó ń bá àwọn oníṣòwò kọjá ló kọ àdúà sára wàláà, ó fọ̀ ọ́, ìyá àgbà mu omi rẹ̀, ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sì dúró. Ó mú un lọ sílé kéú. Ìdí ojúbọ Òrìṣà Oko ló ti tọrọ ìkejì, nígbà tí bàbá mi sì dé, ibẹ̀ ló fi í fún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhà wa nìyẹn: ibi tó bá fún ọ lọ́mọ, ibẹ̀ lo máa dá ọpẹ́ padà sí.

Kò sẹ́ni tó ń bi ìyá àgbà pé èwo ni tirẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń forí kanlẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ń forí kanlẹ̀, tí iṣu bá sì gbó, ó ń bá bàbá mi ta omi tútù sílẹ̀ ní ojúbọ. Òun ló máa ń gé iṣu tuntun. Orí iṣu á padà sínú ebè, á bù nínú ìyókù fún ojúbọ, á bù fún sàráà, àwa náà á jẹ tiwa. Ọ̀bẹ kan, ìkòkò kan.

Lọ́dún yẹn, àlùfáà tuntun gba ọ̀nà ìlú Kika wá, ó sì bá wa jókòó. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó máa ń fún àwa ọmọdé ní èso dàbínù. Ṣùgbọ́n ó wàásù pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe ti òrìṣà, Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ fi jẹun.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. “Ọ̀bẹ tó ń gé ti òrìṣà kò lè gé tèmi mọ́.”

Bàbá mi, tí ara rẹ̀ máa ń gbóná, dáhùn pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn mọ ògiri sáàárín agbo ilé, kí oníkálùkù mọ ìhà tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń po amọ̀. Ìyá àgbà ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ní kó rọ ọ̀bẹ méjì tó jọra bí ìbejì. Ó so òwú funfun mọ́ ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ó so pupa mọ́ èkejì fún àbúrò. Àwọn ọmọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì jẹun. Amọ̀ náà gbẹ síbi tó wà, ewúrẹ́ ń gùn ún.

Nígbà tí iṣu tuntun tún dé, èmi àti ìyá àgbà jọ ń fọ àwọn ọ̀bẹ. Ìyá àgbà tú òwú ara wọn kó má bàa tutù, ó da àwọn ọ̀bẹ sínú igbá, ó ń fi eérú fọ̀ wọ́n, irin ń ró gbangan lára irin. Ó mú ọ̀kan jáde láìwò ó, ó so òwú pupa mọ́ ọn.

“Ìyá àgbà, ṣé ti funfun kọ́ nìyẹn?”

“Ìwọ mọ̀ ọ́n?”

“N ò mọ̀ ọ́n.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.” Ó so èkejì. “Iṣu kan ni mo gbìn, ọmọ mi. N ò mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń kírun.”

Orí mi dàrú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun ò ní jẹ ló ń jẹ yẹn, ṣé ìrun rẹ̀ ti bàjẹ́? Àbí òrìṣà bàbá mi ni wọ́n ń rẹ́ jẹ? Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. Ó da omi eérú náà nù.

“Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ògiri yẹn bà mí jù.”

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà kú, àwọn ará mọ́sáláṣí wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára. Bàbá mi ń sunkún nídìí ojúbọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ọ̀bẹ. Ẹ̀gbọ́n mú olówùú funfun, àbúrò mú olówùú pupa, wọ́n sì mọ ògiri náà.

Ọ̀bẹ bàbá mi ló kàn mí. Ilé onímàle ni mo fẹ́ ọkọ sí, mo sì ń kírun dáadáa. Òwú pupa ti jẹrà kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Tí mo bá fẹ́ gé iṣu tuntun, mo máa ń ṣe bísímílà, omi tútù díẹ̀ a sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, n ò sì mọ̀ bóyá èmi ni mo dà á tàbí ó ṣèèṣì ni. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa béèrè pé ọ̀bẹ ta ni, ti mọ́sáláṣí àbí ti òrìṣà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ti ìyá àgbà mi ni. N ò mọ̀ ju ìyẹn lọ.